Ọ̀rọ̀ gay nílé ìwé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì mi

Kànsẹ́lọ̀ ni mí nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Mainland l'Ékòó níbí, ẹ má wulẹ̀ bi mí pé èwo ni. Àwọn tíṣà máa ń wá bá mi nígbà brék, àwọn òbí máa ń pè mí lálẹ́ tí ará ilé ti sùn, àwọn ọmọ ní tiwọn á kàn wá jókòó síwájú mi láìsọ nǹkan kan títí tí bẹ́ẹ̀lì á fi lù. Ìbéèrè kan náà ló ń yí po ṣáá, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀fun mi sinmi díẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn o. Ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tó jókòó sí kíláàsì ló kàn mí.

LGBTQ yìí gan-an, kí ni?

L ni lesbian, obìnrin tí ọkàn ẹ̀ ń fà sí obìnrin. G ni gay, ọkùnrin tí ọkàn ẹ̀ ń fà sí ọkùnrin. B ni bisexual, ẹni tó lè nífẹ̀ẹ́ méjèèjì. T ni transgender, ẹni tí wọ́n wo ara ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tí wọ́n ní ọkùnrin ni, àmọ́ tó mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé obìnrin lòun, tàbí kó jẹ́ ìdàkejì ẹ̀. Q, àwọn kan ní queer ni, àwọn kan ní questioning ni, ìyẹn ẹni tó ṣì ń bi ara ẹ̀ léèrè. Ní ọ́fíìsì tèmi, Q yìí ló ń wọlé jù, ọmọ ọdún 14 tí ò tíì mọ ohun tó ń ṣe òun tó sì ti ń bẹ̀rù pé ayé òun ti bàjẹ́.

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó ni? Ṣé irú wọn wà nílé ìwé wa?

Wọ́n wà. Wọn ò kàn ní sọ fún yín ni, kí ni wọ́n fẹ́ rí gbà tí wọ́n bá sọ ọ́? Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló jẹ́ èdè òyìnbó, ọmọ fúnra ẹ̀, Súrùlérè ni wọ́n bí i sí, ẹ̀bà ló ń jẹ. Mo ti rí ọmọ tí ò ní fóònù, tí bàbá ẹ̀ ò jẹ́ kó wo tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ pé láti ilé kéú ló ti ń bọ̀ nílé ìwé, ó sì wá sọ nǹkan kan náà tí ọmọ olówó Lekki sọ fún mi.

Ẹ gbọ́ o, ẹ ò lè fi ìrìn dá wọn mọ̀. Ọmọkùnrin tí ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, tó ń ju ọwọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, tí kì í bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, ó lè má jẹ́ gay rárá, àmọ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lù. Èyí tó jẹ́ gay gan-an lè jẹ́ kápútéènì bọ́ọ̀lù tí gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́ fún. Elégùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, kò sẹ́ni tó ń pè é ní woman wrapper lójú agbo. Ọmọ JSS2 kàn ní kí ìyá òun bá òun ra ìpara ètè lásìkò ọyẹ́, gbogbo kíláàsì ti fún un ní orúkọ tuntun. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tíṣà pé kódà tẹ́ ẹ bá ní kò kàn yín, ìyà yìí ń jẹ ọmọ tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Òfin Nàìjíríà lòdì sí i. Ṣé ilé ìwé tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ò ní wọ wàhálà?

Ìbéèrè tí àwọn prínsípà máa ń bi mí nìyí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Òfin wà, mi ò ní tàn yín. Èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014 sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn níyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá dá kúlọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ gay sílẹ̀, tó ń bá wọn darí ẹ̀ tàbí tó ń tì í lẹ́yìn, tó fi mọ́ ẹni tó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ tí ọmọ ilé ìwé ń dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Gay-Straight Alliance, kò ṣeé dá sílẹ̀ níbí, mi ò sì ní kẹ́ ẹ lọ dá a sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ ka òfin yẹn látòkè délẹ̀. Ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kí tíṣà na ọmọ. Ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀ ní assembly, tàbí kẹ́ ẹ lé e kúrò nílé ìwé, tàbí kẹ́ ẹ lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn ní tẹ́ṣàn torí ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Òfin tó bá ilé ìwé wí tààrà ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, tó sọ pé ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe, ì báà ṣe lára, ì báà ṣe lọ́pọlọ, tàbí kó fi í ṣẹ̀sín. Kò sọ pé àyàfi ọmọ tó bá rí báyìí. Ìjọba Èkó tún gbé àṣẹ ìdáàbòbò ọmọdé jáde ní 2016. Tí ilé ìwé bá ń bẹ̀rù òfin, kó bẹ̀rù gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Kí n fi ọ̀kan kún un, ti àgbàlagbà ni ṣá. Ní 2018 ọlọ́pàá kó ọkùnrin tó lé ní 50 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di October 2020 adájọ́ da ẹjọ́ náà nù torí ìjọba ò múra sí i, ẹlẹ́rìí ò yọjú. Ẹjọ́ ti tán nìyẹn, àbí? Àmọ́ láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti tò wọ́n síwájú kámẹ́rà, màmá wọn ti rí i, lándílọ́ọ̀dù ti rí i, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti rí i. Ohun tó bayé èèyàn jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí adájọ́ tó dé ló ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Ewu wo gan-an ló wà níbẹ̀ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí gbogbo yín mọ̀, èébú àti ẹ̀sín. Tíṣà tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tíṣà yẹn ni àwọn ọmọ ń wò o, torí tí tíṣà bá ti rẹ́rìn-ín lórí ẹ̀, wọ́n ti gba pámíìtì nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í níwájú ibi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, wọ́n á da omi sí ibùsùn ẹ̀ ní hostel, sínẹ́ọ̀ kan á gbọ́, á sì pè é sí kọ̀rọ̀ pé kó máa mú provision wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí òun má bàa sọ fún house master. Ọmọ á wá máa jí owó nílé, bàbá á ní olè lọmọ òun dà, wọ́n á gbé e wá bá mi pé kí n bá wọn bá olè wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí èyí. Owó tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ ọmọ ni, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ilé ìyàgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti lù ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì rí kì í mu omi látàárọ̀ títí di aago mẹ́ta kó má bàa tọ̀, orí á máa fọ́ ọ, á máa sùn ní kíláàsì, tíṣà á kọ ọ́ sínú ripọ́ọ̀tù pé ọ̀lẹ ni. Lẹ́yìn náà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sá nílé ìwé, á wọ yúnífọ́ọ̀mù jáde nílé, ibùdókọ̀ ló máa wà títí ọjọ́ á fi kanrí.

Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí pé èwo ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, màá ní títú àṣírí ni. Èébú ṣeé dá dúró, ìjà ṣeé là. Tí prínsípà bá ti pe ọmọ jáde ní assembly, tó ní kí gbogbo ilé ìwé wò ó, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kó o padà. Ó ti délé, ó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé àdúgbò, kò síbi tí ọmọ náà lè sá sí mọ́. Torí náà tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí ilé ìwé lè ṣe, màá ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́.

Kí ni kito tí àwọn ọmọ ń sọ?

Ẹ̀n-ẹ́ǹ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa torí ọ̀pọ̀ tíṣà ò tíì gbọ́ ọ rí, ó sì ti wọ àárín àwọn ọmọ SS. Ẹnì kan á kí ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣe bíi pé òun náà jẹ́ gay, wọ́n á máa chat fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, á máa bá a sọ̀rọ̀ tó dùn tí ọmọ náà ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láyé ẹ̀. Lọ́jọ́ kan á ní kó wá kí òun nílé, bóyá ní Ìkòròdù tàbí Ìsọlọ̀. Bó ṣe wọlé báyìí, àwọn géńdé mẹ́rin á yọ látinú yàrá. Wọ́n á bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n á ya fídíò ẹ̀, wọ́n á gba fóònù, wọ́n á ní kó pe èèyàn kó fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ wọ́n á ní tí kò bá tún rí owó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀ àti sí ilé ìwé. Kito nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ṣe é fún ò lè pariwo, ẹ̀rù òfin àti ìtìjú ni kàpítà tí wọ́n fi ń ṣòwò.

Tí fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé sórí fóònù yín, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà sí VP. Àwòrán ìhòòhò ọmọ tí ò tíì pé 18 ni, Cybercrimes Act ti 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ka pípín in kiri sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ka fífi nǹkan bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba èèyàn láti gbowó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má bi ọmọ pé kí ló lọ wá síbẹ̀, ìbéèrè yẹn lè dúró. Ẹ ní kó tọ́jú gbogbo chat àti nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ní kó san owó sí, kó má pa á rẹ́, kó sì má sanwó mọ́, torí ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan wọ́n á padà wá ni. Tí wọ́n bá fipá bá a lò pọ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ torí oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV. Mirabel Centre wà nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà, iṣẹ́ wọn nìyẹn látọdún 2013, wọn ò gbowó, ọmọkùnrin náà lè lọ. Ní ti tẹ́ṣàn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá lọ, ẹ wá lọ́yà mọ́ra. TIERs wà l'Ékòó níbí látọdún 2005, wọ́n ń ran àwọn èèyàn LGBTQ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin.

Tíṣà ni mí. Ọmọ kan sọ fún mi pé òun rò pé òun jẹ́ gay. Kí ni kí n sọ?

Ẹ ní, o ṣeun tó o sọ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í bóyá ẹnì kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó tán. Ẹ má ka Bíbélì sí i lọ́jọ́ yẹn, ẹ má ní ó máa tán tó bá dàgbà, ẹ má sì bi í ní ìbéèrè nípa ìbálòpọ̀ torí pé ẹ fẹ́ gbọ́, àwọn tíṣà kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò dáa.

Nǹkan kan ṣá. Ẹ má ṣèlérí pé kò sí ohun tó lè mú yín sọ ọ́. Ẹ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé tí àgbàlagbà kan bá ń fọwọ́ kàn án tàbí tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀, ẹ máa wá ìrànlọ́wọ́, òun lẹ sì máa kọ́kọ́ sọ fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àṣírí ẹ̀ ni, kì í ṣe gist staff room.

Ṣé kì í ṣe ojúṣe mi láti sọ fún òbí ẹ̀?

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ọmọbìnrin SS1 kan sọ tiẹ̀ fún mi, ni mo bá pe ìyá ẹ̀. Mo rò pé mò ń ṣe dáadáa. Obìnrin tó ń ta léèsì ní Balógun ni, ó rọra gbọ́, ó ní ẹ ṣé gan-an Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín, ó tún gbé búrẹ́dì Àgége fún mi. Ọjọ́ kejì ọmọ ò wá sílé ìwé. Orí òkè ni wọ́n gbé e lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, àpá okùn wà ní ọrùn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì nígbà tó padà dé. Kò kí mi mọ́ títí tó fi ṣe WAEC. Tó bá rí mi lọ́kánkán ó máa gba ibòmíì.

Nítorí náà ìdáhùn mi báyìí ni pé ẹ bi ọmọ fúnra ẹ̀. Òun ló ń bá wọn gbélé. Àwọn kan á ní bàbá àwọn á gbọ́, ìyá lẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún, àwọn kan á ní àǹtí àwọn tó wà ní Ṣómólú nìkan ni. Tó bá ní wọ́n á lé òun jáde, ẹ gbà á gbọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n lé jáde ló ń sun abẹ́ bíríìjì.

Wọ́n mú ọmọbìnrin méjì ní hostel. Ṣé ká lé wọn?

Tẹ́ ẹ bá mú ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lẹ́yìn láábù, kí lẹ máa ń ṣe? Súspẹ́ńṣọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á pe òbí, ó parí. Èyí náà ò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí òbí bá sì dé, ohun tí wọ́n ṣe tó lòdì sí rúùlù hostel ni kẹ́ ẹ sọ, ẹ má máa bá wọn fún ọmọ lórúkọ.

Ibì kan wà tí mi ò ti ní rọ̀ yín lọ́rùn o. Tó bá jẹ́ sínẹ́ọ̀ SS3 ló ń fipá wọ ibùsùn ọmọ JSS1, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gay tàbí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìfipábánilòpọ̀ ni, bákan náà ló rí tó bá jẹ́ tíṣà. Ẹ pe DSVA, àjọ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ilé ìwé máa ń pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á lé ọmọ kékeré tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ dànù pọ̀ mọ́ ẹni tó ṣe é, wọ́n á ní lesbian làwọn méjèèjì.

Ṣé kò ní ran ọmọ tèmi tí wọ́n bá jọ jókòó?

Rárá, kì í ṣe àrùn tó ń ranni.

Ọmọ mi ni o. Mo rí nǹkan lórí fóònù ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó ná. Ẹ má fọ́ fóònù yẹn, ẹ má pe ẹbí jọ lálẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, mi ò ní ṣe bíi pé kò dùn yín, àwọn òbí ti sunkún ní ọ́fíìsì mi títí tí tíṣù fi tán.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2009, wo àwọn ọ̀dọ́ tí ìdílé wọn kọ̀ wọ́n gidigidi torí wọ́n jẹ́ gay, lesbian tàbí bisexual, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ ààbọ̀ tí wọ́n fi gbìyànjú láti pa ara wọn ju àwọn tí ìdílé wọn ò kọ̀ lọ. Ní 2019, Trevor Project, àjọ kan tó ń dènà ìpara-ẹni láàárín ọ̀dọ́ LGBTQ, Amẹ́ríkà náà ni, rí i pé tí ọ̀dọ́ LGBTQ bá ní àgbàlagbà kan péré tó gbà á bó ṣe rí, àyè pé á gbìyànjú ẹ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kan péré o, kò di dandan kó jẹ́ gbogbo ìdílé. Amẹ́ríkà kì í ṣe Mushin, mo mọ̀, àmọ́ ọmọ tí ìyá ẹ̀ kọ̀, kò síbi tó máa wà láyé tí kò ní dùn ún.

Kò di dandan kí ọ̀rọ̀ náà yé yín lónìí. Ẹ ṣáà gbé oúnjẹ fún un bẹ́ ẹ ṣe máa ń gbé e fún un, ẹ pe oríkì ẹ̀ láàárọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè é.

Pásítọ̀ ní ìdáǹdè ni, àlùfáà náà ní rúkíyà ni, ìyẹn kíké Kùránì sí ọmọ lórí. Ṣé ó lè tán?

Àdúrà ò burú, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ọjọ́ 17 oṣù May 1990 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àìsàn, kì í ṣe àrùn tí wọ́n ń wò, ẹni tó bá ní òun ní oògùn ẹ̀, owó yín ló fẹ́. Ẹgba, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ láìmu omi, ata lójú, ṣéènì lẹ́sẹ̀, wọn ò yí ọmọ kankan padà rí tí mo mọ̀. Irọ́ pípa ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ọmọ á ní òun ti gba ìdáǹdè kí wọ́n lè tú òun sílẹ̀, pásítọ̀ á jẹ́rìí sí i lórí pẹpẹ, ọmọ á wá mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún yín mọ́ láyé.

Àǹtí, èmi ni wọ́n ń bú. Ṣé kí n bá wọn jà?

Má jà. Kọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kó o fi pamọ́. Máa rìn pẹ̀lú ọ̀rẹ́ kan tí bẹ́ẹ̀lì bá lù. Wá tíṣà kan tí kì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, o mọ̀ ọ́n, gbogbo ilé ìwé ló ní ọ̀kan. Fi password sí fóònù ẹ. Ẹni tó o pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, má lọ sílé ẹ̀, ì báà ti fi àwòrán mélòó ránṣẹ́ sí ẹ. Kò sì di dandan kó o sọ fún ẹnikẹ́ni pé o jẹ́ báyìí. Kì í ṣe irọ́ lò ń pa, ẹnu ẹ lò ń ṣọ́ títí wàá fi dé ibi tí ara ti lè tù ẹ́.

Kí ni ilé ìwé lè ṣe láìdá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú rúùlù pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bú ẹnikẹ́ni torí ìrìn ẹ̀, ohùn ẹ̀, ara ẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀, ẹ ò ní láti dárúkọ gay níbẹ̀ kó tó dáàbò bò ó. Ẹ fi tíṣà kan síwájú tọ́ílẹ̀ẹ̀tì nígbà brék. Ẹ yan ẹni tó ń gba ẹjọ́, kí àwọn ọmọ mọ orúkọ ẹ̀, kì í sì í ṣe discipline master. Ẹ pa pípè ọmọ jáde ní assembly rẹ́ pátápátá, fún gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rín wọn.

Ọmọ kan ní òun fẹ́ pa ara òun. Àbí eré ló ń ṣe?

Ẹ má pè é ní eré. Ẹ bi í tààrà, ṣé o ń rò ó láti pa ara ẹ, kì í ṣe ìbéèrè yẹn ló máa kó o sí i lórí. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé Sniper àti oògùn kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó. SURPIN wà ní ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà, iṣẹ́ ìdènà ìpara-ẹni ni wọ́n ń ṣe. Ọsibítù Yaba ní ẹ̀ka tọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yaba dẹ́rù bà yín, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá á mú ọmọ torí ó gbìyànjú ẹ̀, l'Ékòó níbí ohun tí òfin ní kí ilé ẹjọ́ ṣe ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ fún dókítà ìdí tó fi ń ronú bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ò bá fẹ́, òun ló máa sọ ọ́ tó bá yá.

Tí mo bá wá rí yín, ṣé ẹ máa kọ orúkọ mi sílẹ̀?

Mi ò ní kọ ọ́. Nọ́ńbà ló wà nínú ìwé mi, èmi nìkan ló mọ ẹni tó ni nọ́ńbà wo, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ẹyọ kan ló wà, ọrùn mi ló wà. Wá nígbà long break tí wọ́n bá ti lọ tò síwájú ìyá oní-puff-puff, má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn.